Láti Sáíbà-Káfè Festac dé Inú Git: Ìtàn Pípa Àdírẹ́sì Ayélujára Mọ́

Ìtàn ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn àdírẹ́sì ni. Bí ẹ bá ti ń ka ojú-ewé Yorùbá lórí ayélujára fún bí ogún ọdún, bí èmi náà ti ń kà á, ẹ ó ti mọ ohun tí mò ń wí. Ojú-ewé tí ẹ rí lánàá, ẹ padà débẹ̀ lónìí, ẹ kò bá a mọ́. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé nígbà mìíràn ẹ kò rántí ibi tí ẹ ti rí i rárá.

Festac Town ni mo ti kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní àdírẹ́sì. Orí ìwé ni wọ́n ti ya àdúgbò náà tán kí wọ́n tó kọ́ ọ, wọ́n sì kọ́ ọ láti fi gba àwọn àlejò tí ó ń bọ̀ wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a mọ̀ sí FESTAC '77. Dakar ni àkọ́kọ́ irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ti wáyé ní ọdún 1966. Ti Èkó ni ìkejì, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50 ni àwọn àlejò ti wá. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ìjọba pín àwọn ilé náà, tí iye wọn lé ní 5,000, fún àwọn ará ìlú.

Bí ẹ bá ní kí ará Festac júwe ilé rẹ̀ fún yín, kò ní sọ pé kí ẹ bèèrè ilé Ìyá Alákàrà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi odán. Nọ́ńbà àti lẹ́tà ni yóò máa kà fún yín: àfẹ́níù báyìí, róòdù báyìí, kúlóòsì báyìí, ilé báyìí. Láti orí ńlá ni yóò ti máa bọ̀ wá sí kékeré, bí ẹni ń ṣí àpótí tí ó wà nínú àpótí. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àdírẹ́sì ojú-ewé ayélujára, tí mo rí bí wọ́n ṣe fi ìlà tí ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pín in sí wẹ́wẹ́, ohun tí ó ti ẹnu mi jáde ni pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, Festac rèé."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àjọ̀dún yẹn, nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ wa. Orin, eré orí ìtàgé, fọ́tò, fíìmù àti àpilẹ̀kọ tí wọ́n kó jọ fún un kò kéré. Ní 1979 ni ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ ní Èkó, Centre for Black and African Arts and Civilization, kí ó lè máa tọ́jú wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan wà lọ́wọ́ àwọn tí ó wá, ní ìlú tí kálukú wọn padà sí. Nígbà tí àwọn Chimurenga ní Cape Town gbé ìwé ńlá kan jáde lórí FESTAC '77 ní 2019, ẹ̀rún ibí àti ẹ̀rún ọ̀hún ni wọ́n ṣà jọ, lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé. Ilé tí àwọn àlejò sùn sí ṣì wà níbẹ̀ tí à ń gbé inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí wọ́n kọ ni a ń wá kiri.

Ẹ wá jẹ́ kí a bọ́ sínú káfè. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM wọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ti ìpè ni fóònù ìgbà náà wà fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ayélujára yóò lọ sí sáíbà-káfè, wọ́n sì pọ̀ ní Festac ju bí ẹnikẹ́ni ti lè kà lọ. O ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà kan wà lára rẹ̀, bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ni aago yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú rẹ sẹ́yìn. Bí owó kò bá tó, o ó dúró di òru, nítorí pé àṣemọ́jú dínwó. Mo mọ orúkọ tí Festac ní nígbà náà, àwọn ọmọ Yahoo ni wọ́n fi ń bú wa káàkiri Èkó, àjọ EFCC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003 sì mọ ọ̀nà àdúgbò wa dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní aago méjì òru ni ó ń kọ lẹ́tà sí òyìnbó. Àwa kan wà níbẹ̀ tí à ń wá àlọ́, oríkì, àti àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ èdá-èdè lórí ohùn Yorùbá.

Ìṣòro tèmi kò ju ẹyọ kan lọ. Bí mo bá rí ojú-ewé tí ó dára lóru, mo máa ń fi àmì sí i nínú browser kọ̀ǹpútà náà, kí n lè padà síbẹ̀. Nígbà tí mo bá tún dé, ẹlòmíràn ti jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà yẹn, tàbí kí ó jẹ́ pé oníkáfè ti nu gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ní ẹ̀tọ́ láti nù ún. Èmi ni mo ń kó ẹrù mi pamọ́ sínú ilé àjòjì. Mo ra dísíkẹ́ẹ̀tì, ó bàjẹ́. Ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ búlúù, mo sì ń fi bírò da àdírẹ́sì kọ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí mọ̀ pé bí lẹ́tà kan bá ti yẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn tí yóò ṣí. Ojú-ewé àlọ́ ìjàpá kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀, abẹ́ ìkànnì yunifásítì kan ní òkè òkun ni ó wà, n kò sì rí i ṣí mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀. N ó padà wá sórí ìyẹn.

Fífi àmì sí ojú-ewé kò bẹ̀rẹ̀ láti káfè wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó ayélujára fúnra rẹ̀. Mosaic, browser tí ó jáde ní 1993 láti Yunifásítì Illinois, ní àkójọ tí wọ́n ń pè ní hotlist. Netscape tẹ̀ lé e ní 1994, òun ni ó sì sọ ọ́ di bookmark. Microsoft ní tirẹ̀ pè é ní favorites ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Èmi yóò máa pè é ní àmì ojú-ewé. Ohun kan tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Netscape ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí Chrome tàbí Firefox kó gbogbo àmì ojú-ewé yín jáde sínú fáìlì kan lónìí, orúkọ Netscape ni ẹ ó bá ní ìlà àkọ́kọ́ fáìlì náà. Bí orúkọ bàbá-ńlá ṣe ń wà lára ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rí nìyẹn.

Inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo àkójọ wọ̀nyí wà, àwa tí kò sì ní kọ̀ǹpútà kò rí ti wọn ṣe. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ọdún 2003 ni ayọ̀ dé, nígbà tí Joshua Schachter dá del.icio.us sílẹ̀. Orí ayélujára fúnra rẹ̀ ni ó ti ń bá ènìyàn tọ́jú àmì, o lè so ọ̀rọ̀ ìdámọ̀ mọ́ ọn bí ó ti wù ọ́, àwọn ẹlòmíràn sì lè rí ohun tí o kó jọ. Káfè yòówù kí n wà, nǹkan mi wà níbẹ̀. Yahoo rà á ní oṣù kejìlá ọdún 2005. Ní òpin 2010, ọ̀rọ̀ jáde síta pé Yahoo fẹ́ pa á tì; wọ́n tà á ní 2011 fún àwọn méjì tí wọ́n wà lára àwọn tí ó dá YouTube sílẹ̀, ó tún ti ọwọ́ wọn bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, títí tí Pinboard fi rà á ní 2017 tí ó sì dáwọ́ gbígba nǹkan tuntun síbẹ̀ dúró.

Òun nìkan kọ́. Yahoo yìí kan náà ti ti ìlẹ̀kùn GeoCities ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ́ ojú-ewé lọ́fẹ̀ẹ́. Google Reader lọ ní 2013. Xmarks, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa gbé àmì ojú-ewé láti browser kan dé òmíràn lọ, lọ ní oṣù karùn-ún 2018. Mozilla pa Pocket ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2025. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ojú-ewé tí àmì náà ń tọ́ka sí pàápàá ń lọ: àwọn olùwádìí Pew ní Amẹ́ríkà sọ ní 2024 pé nínú ojú-ewé tí ó wà ní ọdún 2013, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣí mọ́ nígbà tí wọ́n wò ó ní oṣù kẹwàá 2023.

Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí ó dé orí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan. Orí ọ̀rọ̀ àyálò nínú Yorùbá orí ayélujára ni ó kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ lé, ó sì fa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpẹẹrẹ yọ láti inú ìkànnì kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ tí ó dé iwájú àwọn olùyẹ̀wò, ìkànnì náà ti lọ. Ọ̀kan nínú wọn bi í léèrè pé ta ni yóò jẹ́rìí sí i pé kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ni ó hun àwọn gbólóhùn náà. Omijé bọ́ lójú ọmọ náà. Èmi alábòójútó rẹ̀ ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé mo kọ́ ọ bí a ti ń tọ́ka sí ìwé, n kò sì kọ́ ọ bí a ti ń pa ohun tí a tọ́ka sí mọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi wá ẹ̀dà ojú-ewé wọ̀nyẹn kiri kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo Git. Àwọn tí ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni ó ni ín. Linus Torvalds, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ Linux, ni ó kọ ọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2005, nígbà tí àwọn tí ó ni irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ gba àǹfààní ọ̀fẹ́ kúrò lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ọmọ ìbínú ni Git, ó sì mọ ohun tí kò fẹ́: kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo di kọ́kọ́rọ́ mú. Àkójọ fáìlì tí Git ń ṣọ́ ni wọ́n ń pè ní repository. Èmi ń pè é ní àká, nítorí pé ibi tí à ń kó ìkórè sí ni. Bí ẹ bá yí ohun kan padà nínú àká náà, Git kì í pa ti àtijọ́ rẹ́. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ni ó yí i, ní ọjọ́ báyìí, ní wákàtí báyìí, ẹ sì lè padà lọ wo bí ó ti rí tẹ́lẹ̀.

Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe ẹ̀dà àká, gbogbo ìtàn rẹ̀ láti ìpilẹ̀ ni ó gbà. Ẹ fi wé oríkì orílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá àgbà kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n nínú agbo ilé, ọjọ́ tí ìyá bá sùn ni ó tán. Bí gbogbo ọmọ ilé bá mọ̀ ọ́n láti ìlà kìíní dé ìlà ìkẹyìn, kálukú wọn ni agbo ilé. GitHub, tí ó ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 2008 tí Microsoft sì rà ní 2018, kì í ṣe Git. Ilé tí a lè gbé àká sí ni. Ó lè kú bí del.icio.us ti kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà mi wà nílé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò máa tẹ àṣẹ Git nígbà gbogbo tí ó bá rí ojú-ewé. Níbí ni àsomọ́ ti wúlò, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tí a máa ń lẹ̀ mọ́ browser, tí wọ́n ń pè ní extension. Èyí tí èmi ń lò ni floccus. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún Chrome, fún Firefox àti fún Edge, ó sì lè gbé àmì ojú-ewé lọ sí ibi púpọ̀. Git jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Bí mo ti ṣètò rẹ̀ nìyí, ní ọjọ́ Sátidé kan tí iná wà ní Festac láti àárọ̀ dé alẹ́, èyí tí kì í ṣe nǹkan kékeré. Mo kọ́kọ́ dá fódà kan sílẹ̀ nínú browser mi, mo pè é ní Yorùbá, mo kó àmì ojú-ewé tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ má gbé gbogbo àmì yín lọ. Ti báńkì àti ti ọjà kò kan àká yìí. Lẹ́yìn náà ni mo dá àká tuntun sílẹ̀ lórí GitHub, mo ní kí ó jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, mo sì jẹ́ kí fáìlì README wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà ṣófo. Láti oṣù kìíní 2019 ni àká ìkọ̀kọ̀ ti di ọ̀fẹ́ níbẹ̀ láìní iye.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pásíwọ́ọ̀dù. Láti ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2021, GitHub kò gba pásíwọ́ọ̀dù lásán láti fi wọ inú àká mọ́; tókìnnì ni wọ́n ń bèèrè, ìyẹn ọ̀rọ̀ gígùn kan tí àwọn fúnra wọn ń ṣe jáde fún ènìyàn. Inú ètò àkáǹtì yín, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ Developer settings sí, ni ẹ ó ti rí i. Ẹ yan irú èyí tí a lè fi mọ sí orí àká kan ṣoṣo, kí ẹ sì fún un láṣẹ kíkà àti kíkọ fáìlì nìkan, wọ́n pe ìyẹn ní Contents. Ẹ fi ọjọ́ tí yóò tán sí i. Ẹ da tókìnnì náà kọ síbi tí ó láàbò lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi í hàn. Èmi fi tèmi sínú fáìlì kan, mo sì gbàgbé gbé fáìlì náà sínú àká mìíràn tí gbogbo ayé ń wò. Ìtìjú gbáà ni fún ọ̀mọ̀wé; mo ní láti fagi lé e kí n sì ṣe òmíràn.

Ìyókù kò le. Nínú floccus, ẹ fi àkáǹtì kún un, ẹ yan Git, ẹ lẹ àdírẹ́sì àká tí ó parí sí .git mọ́ ọn, ẹ kọ orúkọ tí ẹ ń jẹ́ lórí GitHub, kí ẹ sì fi tókìnnì sí ibi tí ó ti ń bèèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ̀ka tí ó ń bèèrè ni main. Yóò bi yín léèrè bóyá HTML ni ẹ fẹ́ kí fáìlì náà jẹ́ tàbí XBEL. Èmi yan HTML, nítorí pé browser èyíkéyìí lè ṣí i láìsí floccus rárá, ọmọ Netscape náà ni. Ẹ tọ́ka sí fódà Yorùbá, kì í ṣe sí gbogbo àmì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni pé Git kì í gbàgbé. Ojú-ewé tí ẹ bá yọ kúrò nínú fódà ṣì wà nínú ìtàn àká, ẹni tí ẹ bá sì fún ní ẹ̀dà lè rí i.

Ọ̀rọ̀ wá kù díẹ̀ nípa àkọtọ́, mo sì mọ̀ pé òun ni àwọn kan nínú yín ti ń retí. Bí àdírẹ́sì bá ní lẹ́tà Yorùbá nínú, kò ní wọ inú fáìlì bí ẹ ti rí i. "Yorùbá" yóò di Yor%C3%B9b%C3%A1. Lẹ́tà ẹ́ kan ṣoṣo yóò di %E1%BA%B9%CC%81, àmì 15 fún lẹ́tà kan! Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì tún un kọ. Browser mọ̀ ọ́n kà. Èyí tí ó léwu ni àkọlé ojú-ewé. Unicode ní ẹ àti ọ ní odindi, àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí odindi fún ẹ́ tàbí ọ̀; a ní láti to àmì ohùn lé e lórí. Ẹnì kan lè kọ́kọ́ tẹ ẹ kí ó tó fi àmì ohùn sí i, ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó tó fi àmì sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹnì kẹta lè fi ìlà kúkurú olóòró sábẹ́ dípò ìsàmì-àwọ̀n tó rí róbótó, bí àwọn òǹtẹ̀wé àtijọ́ ti ń ṣe. Ojú wa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n lójú Git nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀tọ̀ ni, bí ẹ bá sì wá ọ̀kan ẹ lè má rí èkejì. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹnu kò sí kíbọọ̀dù kan ṣoṣo. Bí ẹ bá sì fún fáìlì lórúkọ Yorùbá, tí Git wá ń kọ \341\272\271 sí yín lójú dípò ẹ, àṣẹ tí ẹ ó tẹ̀ ni git config --global core.quotepath false.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ayélujára di ìwọ̀nba ní Nàìjíríà fún ọjọ́ mélòó kan. Mo ṣí ẹ̀dà àká tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, gbogbo àkójọ wa wà níbẹ̀. Àwọn ojú-ewé fúnra wọn ni kò ṣí. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojú-ewé tí ó ṣe pàtàkì mọ́ àdírẹ́sì wọn nínú àká kan náà, a sì tún ń bẹ Wayback Machine kí ó gba tiwọn sílẹ̀. Ilé ìpamọ́ tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní 1996 ni ó ni Wayback Machine, ṣùgbọ́n òun pàápàá fi ọjọ́ mélòó kan dákú ní oṣù kẹwàá 2024 nígbà tí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kọlù ú.

Ìwé àkọsílẹ̀ búlúù ọjọ́sí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ń tẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sínú àká díẹ̀díẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n àdírẹ́sì, èyí tí ó ṣì ń ṣí kò tó mẹ́wàá. Nígbà tí mo dé orí ti àlọ́ ìjàpá, mo wò ó títí. Ìlà kékeré kan wà ṣáájú orúkọ ẹni tí ó ni ojú-ewé náà. Ìlà gbọọrọ ni mo kọ, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ yunifásítì ìgbà yẹn, àmì ~ ni wọ́n máa ń fi ṣáájú orúkọ wọn. Oorun ti ń kùn mí ní káfè ni mo ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi ~ rọ́pò rẹ̀, mo gbé e fún Wayback Machine, ó sì gbé ẹ̀dà ọdún 2003 jáde. Fọ́ǹtì àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ kò sí mọ́, nítorí náà àmì ìbéèrè ni ó jókòó sí ibi tí ó yẹ kí ẹ, ọ àti ṣ wà. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń tún un tẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó ku àlọ́ mẹ́rin.